Yàrá Oòrùn Lẹ́yìn Ilé ní Ìlú Ọba: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìpìlẹ̀ àti Ìbora Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ yàrá oòrùn mọ́ ẹ̀yìn ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Kent tàbí ní Essex, dígí ló máa ń kọ́kọ́ rò. Fèrèsé mélòó? Ṣé ilẹ̀kùn tó ń ká jọ ni àbí èyí tó ń yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́? Bẹ́ẹ̀ dígí kì í sábà fa wàhálà. Ohun méjì ló ń sọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ di ibi tí wọ́n ń kó báàgì ìrìnàjò àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé sí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìpìlẹ̀ tí kò jìn tó, tó wá ń ya yàrá náà kúrò lára ilé. Èkejì ni ìbora tó ní àlàfo, tó jẹ́ kí yàrá tutù bí inú fíríìjì ní oṣù Kìíní, tí ògiri rẹ̀ sì ń làágùn.

Ìbora la ó máa pe ohun tí wọ́n ń pè ní insulation. Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó lè má fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, nítorí pé nílé, afẹ́fẹ́ tútù la ń wá. Ní Ìlú Ọba, owó la fi ń ra ooru, a ò sì fẹ́ kó sá lọ. Ìbora kì í mú nǹkan gbóná fúnra rẹ̀. Bí súwẹ́tà ló rí: ooru tó ti wà nínú ló ń dá dúró, bó bá sì ya níbì kan, ibẹ̀ náà ni òtútù máa gbà wọlé.

Conservatory ni àbí extension?

Ìbéèrè yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú, òun ló sì ń pinnu iye fóòmù ìbora tí ẹ máa rà. Ní England, conservatory, ìyẹn yàrá onídígí, bọ́ lọ́wọ́ òfin ìkọ́lé tó ń jẹ́ Building Regulations bí gbogbo nǹkan wọ̀nyí bá pé: kó wà ní ìsàlẹ̀ ilé, kó má tó 30 m², kí ògiri, ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tó lágbára bíi ti òde ṣì wà láàárín òun àti ilé, kí ohun tó ń mú un gbóná ní ibi títàn àti pípa tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí dígí àti iná mànàmáná inú rẹ̀ sì bá òfin mu. Bí ẹ bá yọ ilẹ̀kùn àárín kúrò kí kíṣìnì lè ṣí sínú yàrá náà, ó ti di extension nìyẹn, àfikún tó jẹ́ ara ilé gan-an. Bí ẹ bá fi òrùlé líle rọ́pò ti dígí, building control, àwọn olùyẹ̀wò òfin ìkọ́lé, á fẹ́ rí i láti ìpìlẹ̀ dé òkè. Àwọn tó ń tà á lè máa sọ pé "èyí ò nílò ìwé kankan". Wọn ò parọ́ ní ti yàrá dígí tó ní ilẹ̀kùn láàárín, ṣùgbọ́n yàrá tí ẹ fẹ́ máa jókòó sí tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ fẹ́ kí ó jẹ́ pálọ̀ kejì, extension ni. Àlàyé wa láti ibí lọ, extension ló dá lé.

Àṣẹ káńsù, ìyẹn planning permission, ọ̀tọ̀ ni. Èèyàn lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan kó má bọ́ lọ́wọ́ ìkejì. Lápapọ̀, ilé tó dá dúró lè yọ sẹ́yìn ní míítà 4 láìtọrọ àṣẹ, ilé tó so mọ́ ti ẹlòmíì, míítà 3. Òrùlé ò gbọ́dọ̀ ga ju míítà 4 lọ, etí òrùlé ò sì gbọ́dọ̀ ga ju míítà 3 bí ó bá sún mọ́ ààlà tó míítà 2. Fúláàtì kò ní ẹ̀tọ́ yìí rárá.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Òfin Party Wall ti ọdún 1996 sọ pé bí kòtò yín bá wà láàárín míítà 3 sí ilé rẹ̀, tó sì jìn ju ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lọ, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí i ní oṣù kan, ó kéré tán, kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Ní àdúgbò tí ilé ti so kọ́ra, ó ṣọ̀wọ́n kí èyí má kan èèyàn, torí ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ kò jìn. Ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́. Ìwé òfin tó já bọ́ sẹ́nu ọ̀nà láìsí ìkíni, ìjà ló ń dá sílẹ̀.

Ilẹ̀ tó ń wú, tó ń súnkì

Amọ̀ ló wà lábẹ́ púpọ̀ nínú Lọ́ńdọ̀nù àti Essex. Bí amọ̀ bá mu omi, ó máa ń wú. Bí ó bá gbẹ, ó máa ń súnkì. Igi ńlá tó wà nítòsí á tún máa fa omi inú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀dá ọdún 1976 ló la ọ̀pọ̀ kọ́lékọ́lé lójú níbẹ̀: ilé tí ìpìlẹ̀ wọn kò jìn bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Láti ìgbà náà ni nǹkan bíi míítà 1 ti di ìjìnlẹ̀ tí wọ́n ń retí nínú amọ̀. Ẹ̀ ń wá ilẹ̀ tí kò mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ lókè tàbí kò rọ̀.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nìyí. Nínú ilẹ̀ tí kì í ṣe amọ̀, ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ jìn tó 450 mm ó kéré tán, kí ilẹ̀ tó dì nígbà òtútù má baà gbé e sókè. Nínú amọ̀ tí kì í wú púpọ̀, 750 mm. Èyí tó wà láàárín, 900 mm. Amọ̀ tó ń wú gan-an, bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, míítà 1. Gbogbo èyí jẹ́ fún ibi tí kò sí igi nítòsí. Bí igi bá wà, ìjìnlẹ̀ á máa pọ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí irú igi náà, gíga rẹ̀ àti bó ṣe jìnnà sí. Oak, willow àti poplar wà lára àwọn tó ń mu omi jù. Bí ìṣirò bá fi kọjá míítà 2.5, ẹ fi kòtò sílẹ̀, kí ẹ pe ẹnjiníà.

Ẹ má sì sáré gé igi náà. Amọ̀ tí igi ti ń fa omi rẹ̀ fún ogún ọdún, bí igi bá kú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi padà, á sì máa wú fún ọdún púpọ̀. Ìwú yẹn lè gbé yàrá yín sókè.

Ibí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń wọlé: "Dígí àti pákó ni, kò wúwo, ìpìlẹ̀ kékeré tó o." Fífúyẹ́ yẹn gan-an ni ìṣòro. Ilé alájà méjì wúwo débi pé ó lè tẹ amọ̀ tó ń wú mọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá oòrùn ò ní agbára bẹ́ẹ̀. Amọ̀ á gbé e sókè ní oṣù Kejì, á jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ilé tó fara tì í ò sì ní bá a rìn. Ojú oríkèé ni ẹ máa rí i: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ògiri tuntun àti ti tẹ́lẹ̀, tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, àti ilẹ̀kùn dígí tí kò fẹ́ pa dé mọ́.

Nítorí náà, a kì í fi bíríkì tuntun há mọ́ ti àtijọ́ bí eyín. Irin tí kì í dípẹtà la máa ń fi bóòtì kàn mọ́ ògiri ilé láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìyẹn wall starter. Bíríkì tuntun á jókòó sínú àwọn ìkọ́ rẹ̀, a ó sì fi mástíìkì dí ojú oríkèé náà dípò símẹ́ńtì. Símẹ́ńtì á sán, mástíìkì á fà.

Láti mọ irú ilẹ̀ tí ẹ ní, ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó míítà 1 níbi tí igun yàrá máa wà. Ẹ mú amọ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ rọ ọ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń rọ òwú fìtílà. Bó bá fà di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi 3 mm láìjá, amọ̀ pọ́ńbélé ni. Bó bá ń já wẹ́wẹ́, yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ ihò náà: ibi tí ṣọ́bìrì ti gé amọ̀ tó dára máa ń dán bí ẹni fi ọṣẹ pa á. Bí ẹ bá rí àfọ́kù bíríkì, eérú tàbí ike, ilẹ̀ àkúnlé ni, ẹ ó sì máa gbẹ́ lọ títí ẹ ó fi dé ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí. Bí ẹ bá rí gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, igi ṣì ń mu omi níbẹ̀, kò tíì tó.

Kòtò àti kọnkéré

Ẹ jẹ́ ká fi yàrá tó gùn ní míítà 4, tó yọ sẹ́yìn ní míítà 3 ṣe àpẹẹrẹ. Ìwọ̀n yìí dùn mọ́ bíríkìlà: bí igun rẹ̀ bá tọ́, okùn láti igun kan sí igun òdìkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ míítà 5 géérégé. Bó bá lé tàbí dín ní 10 mm, ẹ tún okùn nà.

Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ló nílò kòtò, torí ilé ló di ẹ̀gbẹ́ kẹrin. Míítà 3, 4 àti 3, ó di bíi míítà 10. Fífẹ̀ rẹ̀ 600 mm, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ míítà 1. Ọ̀nà méjì ló wà láti kún un. Nínú ti àkọ́kọ́, kọnkéré á nípọn tó 150 mm ó kéré tán ní ìsàlẹ̀, ẹ ó sì máa to búlọ́ọ̀kù láti inú kòtò wá sókè. Nínú èkejì, trench-fill, ẹ ó da kọnkéré títí yóò fi kù bíi 150 mm kó dé ojú ilẹ̀. Kọnkéré ti èkejì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé kò gbọ́dọ̀ máa to búlọ́ọ̀kù nínú kòtò tóóró tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ya lulẹ̀. Amọ̀ 1 m³ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 2. Trench-fill ni ká mú, ká má tún bá ara wa jiyàn.

10 × 0.6 × 0.85 jẹ́ 5.1 m³. Ẹ béèrè fún 5.5, torí ẹ̀gbẹ́ kòtò kì í gún. Fún ilẹ̀ tí kò ní kẹ́míkà tó ń jẹ símẹ́ńtì, irú kọnkéré tó ń jẹ́ GEN1 tó. Àwọn amọ̀ kan ní sulphate nínú, wọ́n sì nílò irú mìíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ building control kí ẹ tó pe lọ́rì. Ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ pò ó, ìwọ̀n òfin ni símẹ́ńtì 50 kg sí yanrìn 200 kg àti òkúta wẹ́wẹ́ 400 kg. Ẹ ṣọ́ra níbí: àpò símẹ́ńtì Nàìjíríà 50 kg ni, ti Ìlú Ọba 25 kg. Ẹni tó bá ń ka "àpò kan" bó ṣe ń kà á nílé, ìdajì símẹ́ńtì ló ń fi sí i. Kí ẹ sì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé 5 m³ á gba àpò 25 kg tó lé ní ọgbọ̀n, àti bíi tọ́ọ̀nù 10 yanrìn pẹ̀lú òkúta. Lọ́rì ló yẹ kó gbé e wá. Dídà á tán lẹ́ẹ̀kan náà tún dára jù, torí ibi tí kọnkéré àná bá ti pàdé tòní, ojú àlùmọ́ ni.

Iyẹ̀pẹ̀ máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Kòtò nìkan jẹ́ 6 m³, ilẹ̀ inú yàrá á tún fi bíi 3.4 kún un, bó ṣe máa hàn níwájú. Amọ̀ tí a bá ti hú máa ń fẹ̀ sí i ní bíi ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí náà ó lè lé ní 12 m³. Skip 8-yard, àpótí irin ńlá tí wọ́n fi ń kó iyẹ̀pẹ̀ lọ, gba bíi 6 m³, skip méjì ò sì ní gbà á tán. Ẹ ṣírò owó rẹ̀ mọ́ owó kọnkéré.

Bí òjò bá rọ̀ sínú kòtò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di ẹrẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀. Ẹ fa omi náà, kí ẹ fi ṣọ́bìrì hó ẹrẹ̀ kúrò títí dé ilẹ̀ líle kí kọnkéré tó wọlé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdàkejì ló wà: bí ẹ bá fi kòtò amọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, á gbẹ, á là, ìsàlẹ̀ tó gbẹ yẹn á sì wú nígbà tí omi bá padà dé. Ọjọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán ló dára jù láti dà á.

Páìpù tí ẹnikẹ́ni ò rántí

Ẹ̀yìn ilé ni páìpù ẹ̀gbin máa ń gbà kọjá. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, ọ̀pọ̀ páìpù tí ilé méjì tàbí mẹ́ta jọ ń lò ti di ti ilé iṣẹ́ omi. Bí yàrá yín bá máa kọ́ lé e tàbí bó bá wà láàárín míítà 3 sí i, ẹ ó gba àdéhùn lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ ṣí máńhòlù, kí ẹ wọn bí ìsàlẹ̀ páìpù ṣe jìn tó. Bí páìpù bá wà láàárín míítà 1 sí ìpìlẹ̀, ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ga ju ìsàlẹ̀ kòtò páìpù lọ, kí ẹrù ògiri má baà tẹ páìpù. Bó bá gba inú ògiri ìsàlẹ̀ kọjá, ẹ gbé lẹ́ńtẹ̀ lé orí ihò náà, kí àlàfo tó 50 mm yí páìpù ká. Páìpù tí kọnkéré há mọ́ra, bí ilé bá sún díẹ̀, á ṣẹ́.

Ohun mìíràn tó ń fara pamọ́ ni bíríkì onihò tó wà nísàlẹ̀ ògiri ilé àtijọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọ abẹ́ ilẹ̀ onípákó ni kò jẹ́ kí pákó rà. Kọnkéré yàrá tuntun máa dí i pa. Ẹ so páìpù 100 mm mọ́ bíríkì onihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fà á gba abẹ́ ilẹ̀ tuntun jáde sí ògiri òde. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní ọdún kìíní. Ní ọdún kẹfà, ilẹ̀ pálọ̀ á máa rì nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní rántí yàrá oòrùn.

Ilẹ̀ inú yàrá, láti òkè sísàlẹ̀

Ẹ má kà á láti ìsàlẹ̀. Ojú ilẹ̀ kíṣìnì ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ fẹ́ kí méjèèjì ti bára dọ́gba. Táìlì àti gúlúù rẹ̀, 15 mm. Kọnkéré, 100 mm. Fóòmù líle tó ń jẹ́ PIR, 120 mm. Náílọ́ọ̀nù tó nípọn, èyí tí wọ́n ń pè ní 1200 gauge. Yanrìn tí a fi tẹ́ orí òkúta kó má baà gún náílọ́ọ̀nù, 50 mm. Hardcore, ìyẹn àfọ́kù òkúta tí a fi ẹ̀rọ gún mọ́lẹ̀, 150 mm. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 435 mm. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ òde gbọ́dọ̀ fi 150 mm rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ ilé, 285 mm ni ẹ máa gbẹ́ láti ojú ilẹ̀ òde. Lórí 12 m², 3.4 m³ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Kí ló dé tí a fi mú 120 mm nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo 100? Òfin fẹ́ kí U-value ilẹ̀ extension má ju 0.18 lọ. U-value ni iye ooru tó ń gba 1 m² jáde bí inú bá fi digírì kan gbóná ju òde lọ, torí náà bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Etí ni ooru ilẹ̀ ń gbà sá jù, kì í ṣe àárín. Yàrá kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wà lóde jẹ́ etí púpọ̀, àárín díẹ̀. Ní ilé ńlá, 100 mm lè tó dáadáa. Níbí, ó wà lójú ààlà, 20 mm tó kù kò sì wọ́n.

Fún ìdí kan náà, ẹ na fóòmù 25 mm dúró yí ẹ̀gbẹ́ ká, láti orí fóòmù ilẹ̀ dé ojú kọnkéré, kí kọnkéré má fara kan ògiri rárá. Èyí ni ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fò, torí pátákó ìsàlẹ̀ ògiri á bò ó. Fóòmù tí ẹ tẹ́, ẹ fún un mọ́ra, kí ìlà oríkèé rẹ̀ má ṣe bára mu, kí ẹ fi tépù onífàdákà lẹ̀ ẹ́. Ẹ tún tẹ́ náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ lé e kí kọnkéré tó dé, torí omi kọnkéré tútù máa ń jẹ fàdákà tó wà lójú fóòmù, a sì máa ṣàn wọ àárín pátákó.

Ọ̀rọ̀ kan ń dá àṣìgbọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó kọ́ṣẹ́ nílé àti àwọn tó kọ́ ọ lọ́hùn-ún. Nílé, bí bíríkìlà bá ní "a ti dé DPC", Jámánì fúlọ̀ ló ń wí, ilẹ̀ onísimẹ́ńtì tí ògiri máa dúró lé. Ní Ìlú Ọba, DPC ni ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sáàárín bíríkì, ó kéré tán 150 mm sókè ilẹ̀ òde, kí ọ̀rinrin má baà gun ògiri. Náílọ́ọ̀nù ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gun ẹ̀gbẹ́ wá, kó bo ara rẹ̀ mọ́ ike yìí. Bí méjèèjì ò bá pàdé, ọ̀rinrin á rí ọ̀nà láàárín wọn.

Ògiri, òrùlé, àti dígí tó ń jẹun

Fún extension, ògiri náà gbọ́dọ̀ dé 0.18, òrùlé 0.15, fèrèsé 1.4. Ẹ wo nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn dáadáa: 1.4 lójú 0.18. Dígí tó dára tó òfin ṣì ń tú ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ ògiri. Ìdí nìyí tí òfin fi ní kí dígí má ju ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ yàrá lọ, pẹ̀lú ìwọ̀n fèrèsé àti ilẹ̀kùn àtijọ́ tí yàrá tuntun bò mọ́lẹ̀. Fún 12 m², ó jẹ́ 3 m². Bí ẹ bá bo ilẹ̀kùn ọgbà tó fẹ̀ ní 1.8, tó ga ní 2.1, ẹ rí bíi 3.8 kún un: 6.8 m². Yàrá oòrùn tí ògiri rẹ̀ tó 23 m² ò lè jẹ́ yàrá oòrùn pẹ̀lú dígí 6.8. Ọ̀nà àbáyọ wà: ẹ lè fi ìṣirò hàn pé fóòmù tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀ àti òrùlé, tàbí àtúnṣe lára ilé àtijọ́, dí ohun tí dígí ń jẹ. Onímọ̀ ìṣirò agbára ilé ló ń ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe é kí ẹ tó ra férémù.

Ògiri tó wọ́pọ̀ ni bíríkì níta, àlàfo 150 mm láàárín, àti búlọ́ọ̀kù fúyẹ́fúyẹ́ 100 mm nínú. Nínú àlàfo yẹn, PIR 100 mm fara mọ́ búlọ́ọ̀kù, 50 mm tó kù á ṣófo kí omi òjò tó bá gba bíríkì wọlé lè ṣàn sísàlẹ̀. Irin tó so apá méjèèjì pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í dípẹtà, 450 mm síra wọn lóòró, 750 mm ní ìbú. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbí ni símẹ́ńtì tó já bọ́ sínú àlàfo. Bó bá jókòó sórí irin, afárá ló di fún omi láti kọjá sí inú. Bó bá sì wọ ẹ̀yìn fóòmù, fóòmù ò ní lè fara mọ́ búlọ́ọ̀kù mọ́, afẹ́fẹ́ tútù á máa yí lẹ́yìn rẹ̀, ìbora náà á sì dà bí aṣọ tí kò fara kan ara. Fóòmù ògiri gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ju fóòmù ilẹ̀ lọ, kí méjèèjì lè fojú kojú.

Ní ti òrùlé pẹrẹsẹ, ẹ gbé fóòmù 150 mm sórí pákó, kí ẹ sì tẹ́ náílọ́ọ̀nù tí kì í jẹ́ kí oru kọjá sábẹ́ fóòmù, ní ìhà tó gbóná. Wọ́n ń pe èyí ní warm roof. Ọ̀nà kejì, tí fóòmù wà láàárín igi, nílò àlàfo 50 mm lókè rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ òde ń gbà kọjá láti etí kan dé ìkejì. Nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ ti fara kan ògiri ilé, afẹ́fẹ́ yẹn kì í rí ibi jáde sí. Ìdí tí ọ̀nà àkọ́kọ́ fi dára jù fún irú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Bí ògiri ilé bá ní àlàfo láàárín, níbi tí òrùlé tuntun ti fara kàn án, ẹ gbọ́dọ̀ ki cavity tray sínú rẹ̀, àwo tó ń da omi síta. Àìsí rẹ̀ ló ń fa ọ̀pọ̀ omi tí wọ́n ń pè ní "òrùlé ń jò".

Ògiri tó ń làágùn kì í ṣe àmì pé òjò wọlé. Afẹ́fẹ́ inú yàrá tó jẹ́ digírì 20, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 60 nínú 100, máa ń di omi lára ohunkóhun tó bá tutù dé digírì 12. Igun ilẹ̀ níbi tí ẹ fo fóòmù ẹ̀gbẹ́, etí férémù tí ẹ kò fi fóòmù dí, orí lẹ́ńtẹ̀ irin, àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn dígí: ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń dé digírì 12, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí dúdú á ti yọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìbora ti ya.

Dígí tó wà nísàlẹ̀ ju 800 mm lọ láti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í ṣá èèyàn bó bá fọ́. Lára ilẹ̀kùn àti dígí tó wà láàárín 300 mm sí i, títí dé 1500 mm ni. Bí yàrá bá kọjú sí gúúsù, ẹ béèrè fún dígí tó ń dín oòrùn kù, kí ẹ sì rí i pé fèrèsé òkè kan ṣeé ṣí, nítorí ìbora tó ń dá ooru dúró ní oṣù Kìíní á dá a dúró ní oṣù Keje pẹ̀lú.

Ìgbà tí ẹ máa pè wọ́n

Ohun tí a bá ti bò mọ́lẹ̀, olùyẹ̀wò ò lè rí i. Ẹ pe building control nígbà tí kòtò ṣì ṣófo, nígbà tí ẹ bá tẹ́ náílọ́ọ̀nù àti fóòmù ilẹ̀ tán, nígbà tí ẹ bá dé ike DPC, nígbà tí igi àti fóòmù òrùlé ṣì hàn, àti nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Láàárín rẹ̀, ẹ máa ya fọ́tò, kí ẹ na tépù ìwọ̀n sínú àwòrán kí nọ́ńbà hàn. Ẹni tó bá da kọnkéré kí wọ́n tó dé, wọ́n lè ní kó gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wọn ìjìnlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á fún yín ní completion certificate. Ẹ fi sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé aládùúgbò àti àdéhùn ilé iṣẹ́ omi, torí bí ẹ bá fẹ́ ta ilé náà lọ́la, lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á máa béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.